Ilé Tí A Jọ Kọ́, Rìsíìtì Tí Orúkọ Mi Kò Sí Nínú Rẹ̀

Gbogbo àdúgbò wa ní Ìkòròdú ló ń pè mí ní ìyàwó. Onílé tí a kọ́kọ́ gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè mí bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà tó ń kó aṣọ ẹbí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ń pè mí bẹ́ẹ̀, ìjọ wa pàápàá kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn abilékọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni Bàbá Dámi, ọkùnrin tí a jọ ń gbé, kò san owó orí mi. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá mọ àwọn òbí mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé èso àti ẹlẹ́rìndòdò wá, wọ́n ní bí ọwọ́ bá dẹ̀ díẹ̀ àwọn yóò padà wá ṣe ìdána. Ọwọ́ kò dẹ̀. Oyún dé, ọmọ dé, ọmọ kejì tẹ̀lé e, ilẹ̀ dé, ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi nìkan ló máa ń rántí ọ̀rọ̀ ìdána. Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀, a ó ní kí wọ́n ní sùúrù, páànù ilé ló kàn.

Àwọn tó ń gbé irú ayé tí mo gbé nígbà náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àwọn tí búlọ́ọ̀kù ilé wọn ti ga kọjá fèrèsé. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá ń gbé pọ̀ láìsí ìdána, láìsí nikai, láìsí ìgbéyàwó kóòtù, bí ẹni ń wo oníṣòwò méjì ni òfin Nàìjíríà ń wò wọ́n lórí ohunkóhun tí wọ́n bá jọ rà. Ọdún tí wọ́n fi gbé pọ̀ kò sọ wọ́n di olóhun. Nítorí náà, bí oníṣòwò ti ń kọ ìwé láàárín ara wọn ni kí àwọn náà máa kọ ọ́. N kò rí èyí nínú ìwé kankan. Ohun tí mo là kọjá ló kọ́ mi.

Ní 2012 la ra ilẹ̀ náà, lọ́nà Ìjẹ̀dé. ₦800,000 ni ẹbí tó ni ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa. Bàbá Dámi mú ₦450,000 sílẹ̀, èmi sì yá ₦350,000 tó kù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí mo wà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa jẹ́ ẹni tí kì í fi owó ẹ̀yáwó ilẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó ní kí n mú nọ́ḿbà àkáǹtì ẹbí náà wá, ó sì san owó náà síbẹ̀ tààrà, ó kọ orúkọ mi mọ́ ọn pé èmi ni mo yá a. Ó bí mi nínú lọ́jọ́ náà, mo rò pé kò fọkàn tán mi ni. Títí dòní ni mo ń ṣàdúrà fún ọkùnrin yẹn.

Nígbà tí a lọ gba ìwé, olórí ẹbí mú rìsíìtì jáde, ó ṣí bírò, ó ní, "Orúkọ ta ni ká kọ?" Bàbá Dámi dárúkọ ara rẹ̀. Olórí ẹbí kọ ọ́, àwọn àgbà méjì tẹ̀ka sí i, wọ́n da ọtí sílẹ̀, wọ́n súre fún wa pé a óò fi ilé náà kó ọmọ jọ. Èmi gan-an ni mo ká rìsíìtì náà tí mo fi sínú àpò mi. Kò dùn mí rárá pé orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Èwo nínú àwọn obìnrin tí mo mọ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì ilẹ̀ ọkọ rẹ̀?

Láti ìgbà náà ni owó ìránṣọ mi ti ń wọ inú ilé náà. Owó aṣọ Iléyá ra búlọ́ọ̀kù oní-inṣì mẹ́sàn-án. Owó aṣọ ìgbéyàwó oṣù December ra tìpà yanrìn. Nígbà tí àwọn bíríkìlà ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń te ẹ̀bà fún wọn, èmi ni mò ń sanwó omi, èmi ni mò ń dúró ti káfíńtà kí pákó má baà rìn. Mo ní ìwé kan tí mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọjọ́, iye owó, ohun tí a rà. "Sìmẹ́ńtì, báàgì 20." "Irin, mílí 12." "Owó iṣẹ́ bíríkìlà, ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá." Ohun tí n kò kọ síbẹ̀ ni ẹni tó sanwó. Kí ni ǹ bá kọ ọ́ sí? Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá Dámi náà mọ̀ ọ́n.

N kò ní rojọ́ bí àárín wa ṣe dàrú. Ó fẹ́ obìnrin mìíràn, ó sì ṣe ìdána tiẹ̀ lójú ayé, pẹ̀lú alága ìdúró àti alága ìjókòó. Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé ẹbí lórí ọ̀rọ̀ èmi àti ilé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tí mo ti rán aṣọ fún láìgba kọ́bọ̀, ló dìde. Ó ní, "Ta ló gbé e níyàwó? Ẹni tó bá mọ ọjọ́ ìdána rẹ̀ kó sọ ọ́ níbí." Kò sẹ́ni tó fèsì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi gún mi dé egungun.

Wọ́n júwe agbẹjọ́rò obìnrin kan fún mi. Mo gbé báàgì Ghana-must-go kan lọ, gbogbo ìwé ayé mi ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n dà á sórí tábìlì. Ó pín in sí òkìtì mẹ́ta: èyí tí orúkọ mi wà lára rẹ̀, èyí tí orúkọ Bàbá Dámi wà lára rẹ̀, àti èyí tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Òkìtì kẹta ló ga jù. Rìsíìtì sìmẹ́ńtì, rìsíìtì páànù, bébà tí oníbúlọ́ọ̀kù fọwọ́ ya, gbogbo wọn ló sọ iye owó, kò sí èyí tó sọ owó ta ni. Mo ń wo òkìtì náà, ó sì ń yé mi bí ìyà mi ṣe tó kí agbẹjọ́rò náà tó lanu.

Ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 1970 lórí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀. Abala 72 nínú rẹ̀ fún adájọ́ lágbára láti wo ohun ìní tọkọtaya, kó sì pín in bó ṣe tọ́ lójú rẹ̀ fún ọkọ, fún ìyàwó àti fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó tí a ṣe lábẹ́ òfin ìjọba nìkan ni òfin náà wà fún. Agbẹjọ́rò tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó yà mí lẹ́nu: ká tilẹ̀ ní Bàbá Dámi san owó orí mi, tó gbé odindi ìdì iṣu àti àpò iyọ̀ lọ bá bàbá mi, abala yẹn kò ní bá mi wí, torí pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Mélòó nínú àwọn obìnrin tó ń fi fọ́tò ìdána kọ́ sára ògiri ló mọ èyí?

Mo bi í bóyá gbígbé pọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ kò lè sọ mí di ìyàwó. Ó ní Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Abala 166 ní bí ẹ̀rí bá wà pé ọkùnrin àti obìnrin gbé pọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó, kí kóòtù gbà pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tàbí ti Mùsùlùmí wà láàárín wọn, àfi bí ẹnìkan bá fi ẹ̀rí takò ó. Ẹ̀rí àtako náà ni ẹ̀gbọ́n Bàbá Dámi ti sọ lójú gbogbo ẹbí. Ká sì ní kóòtù gbà pé ìyàwó ìbílẹ̀ ni mí, ilẹ̀ ṣì wà ní orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni agbẹjọ́rò sọ ẹjọ́ Amadi àti Nwosu fún mi, èyí tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ parí ní 1992. Ọkọ kan ta ilé, ìyàwó rẹ̀ kọ̀, kò jáde, ó ní òun bá ọkọ òun kọ́ ọ.  Ohun tí àwọn adájọ́ sọ ni pé kò ṣàlàyé iye tó mú sílẹ̀ àti ọ̀nà tó gbà mú un sílẹ̀. Ó pàdánù. Obìnrin yẹn jẹ́ ìyàwó ẹni tó ni ilé o! Mo ronú nípa rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ó dá mi lójú pé òun náà ti dúró ti káfíńtà rí, pé òun náà ti pọnmi fún bíríkìlà, kò kàn sí bébà tó lè sọ̀rọ̀ fún un ni.

Ohun tó yọ mí ni owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yẹn. Agbẹjọ́rò ní bí ẹni méjì bá dáwó ra ilẹ̀, tí orúkọ ẹnìkan ṣoṣo sì wà lórí ìwé, kóòtù lè gbà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ń di ìpín ẹnìkejì mú fún un ni, bí ẹ̀rí bá ti wà pé lóòótọ́ ló dáwó náà nígbà tí wọ́n ń rà á. Òfin kò béèrè bóyá ẹ fẹ́ ara yín o. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá jọ ra ilẹ̀, bákan náà ni. Ìwé báńkì fi hàn pé ₦350,000 kúrò nínú owó ẹ̀yáwó mi, ó sì wọ àkáǹtì àwọn tó ta ilẹ̀. Ìwé ẹgbẹ́ fi hàn pé èmi ni mo san án padà, oṣù dé oṣù. Owó búlọ́ọ̀kù àti páànù le jù ú lọ. Owó tí èèyàn ná sórí ilẹ̀ ẹlòmíì lẹ́yìn tí onílẹ̀ ti rà á tán kì í fi gbogbo ìgbà di ìpín nínú ilé. Nígbà mìíràn, kóòtù lè kà á sí ìrànlọ́wọ́ lásán. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta tí ẹ mú sílẹ̀ lọ́jọ́ ìrà-ilẹ̀ lè lágbára ju mílíọ̀nù kan tí ẹ fi ra sìmẹ́ńtì lọ.

Ewu mìíràn tún wà tí ọkàn èèyàn kì í lọ síbẹ̀. Mo ti dúró fún Bàbá Dámi nígbà tó yáwó ra ọkọ̀ akérò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. A pínyà, ó dáwọ́ owó dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ nínú owó tí mo ń tù jọ. Mo sáré lọ bá wọn pé a kò sí pa pọ̀ mọ́. Wọ́n ní ìwé onídùúró kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Wọn kò ṣe àìdáa. Ẹni tó dúró fún gbèsè, gbèsè náà dúró sí i lọ́rùn títí wọn yóò fi san án tán tàbí tí ẹni tó yáni lówó yóò fi tú u sílẹ̀ nínú ìwé. Agbára tí onídùúró ní ni láti gba ohun tó san padà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ gbèsè.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ló wá fẹ́ sọ mí di olè. Bàbá Dámi ló bá mi lọ ra ẹ̀rọ oníná ńlá kan nígbà tí mo ń tọ́mọ lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì. Lẹ́yìn tí mo kó ẹrù mi, àbúrò rẹ̀ mú ọlọ́pàá wá sí ṣọ́ọ̀bù pé mo jí ẹ̀rọ gbé. Lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi! Mo pe agbẹjọ́rò lórí fóònù, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ó rán wọn létí pé Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, kò gbà kí wọ́n mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ kó lọ sí kóòtù. Èmi náà wá inú fóònù mi títí mo fi rí owó tí mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá Dámi ní ọjọ́ tó ra ẹ̀rọ náà. Níbi tí báńkì ti ń béèrè ohun tí owó wà fún, mo ti tẹ "owó máṣíìnì" síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Àwọn ọlọ́pàá kà á, wọ́n padà sẹ́yìn.

Inú bí àbúrò mi ọkùnrin débi pé ó fẹ́ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ tú páànù ilé náà ní òru. Ó ní owó ẹ̀gbọ́n òun ni, òun á kó o. Agbẹjọ́rò ní bó bá fọwọ́ kan ìṣó kan níbẹ̀, ẹjọ́ ohun ìní máa yí padà di ẹjọ́ ọ̀daràn, orí wa ni yóò sì dá lé. Mo fi ẹ̀bẹ̀ àti omijé dá a dúró. Bí ẹ bá ní irú àbúrò bẹ́ẹ̀, ẹ tètè bá a sọ̀rọ̀.

A kò tíì dé kóòtù nígbà tí ọ̀rọ̀ yí. Rìsíìtì ẹbí nìkan ni Bàbá Dámi ní lọ́wọ́, rìsíìtì ẹbí kì í sì í ṣe òpin ìwé ilẹ̀. Láti ìgbà Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti wà lábẹ́ àkóso gómìnà, ẹni tó bá sì fẹ́ kí ìwé òun fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní Aláúsá nílò kí àwọn tó tà á fún un fọwọ́ sí ìwé ìfiléni-lọ́wọ́, kó tó lọ tọrọ àṣẹ gómìnà. Agbẹjọ́rò mi kọ lẹ́tà sí ẹbí tó ta ilẹ̀, ó fi ìwé báńkì há a láàárín. Olórí ẹbí ṣì wà láyé, ó rántí obìnrin aránṣọ tí owó rẹ̀ gba báńkì wọlé. Ó ranṣẹ́ sí Bàbá Dámi pé àwọn kò ní fọwọ́ sí ìwé kankan títí àwọn méjèèjì yóò fi parí ìjà wọn.

Citizens' Mediation Centre la lọ, ilé ìlàjà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999. Wọn kì í gba owó. Wọ́n jókòó láàárín wa, wọ́n jẹ́ kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀, wọn kò sì bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ta ló gbé mi níyàwó. Ìwé ni wọ́n ń bi wá. Mo gba ìpín mi nínú ilẹ̀ ní iye tí ilẹ̀ ń lọ nígbà náà, kì í ṣe ní iye 2012. Nínú owó ilé, n kò gba ìdajì ohun tí mo ná. Ìwọ̀nba tí oníbúlọ́ọ̀kù àti káfíńtà wá jẹ́rìí sí ni wọ́n kà fún mi, àwọn méjèèjì dúró gbọn-in lórí òótọ́, Ọlọ́run á san án fún wọn. Bàbá Dámi gba gbèsè ọkọ̀ sọ́rùn ara rẹ̀. A tọwọ́ bọ ìwé. Ó san owó náà díẹ̀díẹ̀, ó sì san án tán. Mo fi rán ọmọ lọ sílé ìwé, mo fi gba ṣọ́ọ̀bù tó tóbi sí i. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀, obìnrin mìíràn ló ń gbé inú rẹ̀. Ó dùn mí fún ìgbà pípẹ́, n kò ní purọ́.

Ti àwọn ọmọ yàtọ̀. Wọn kò pàdánù nǹkan kan nítorí pé a kò ṣe ìdána. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 42, kò gbà kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́. Nínú àṣà Yorùbá pẹ̀lú, ọmọ tí bàbá bá ti jẹ́wọ́ pé òun ló bí, ọmọ rẹ̀ ni. Bí ẹni tí kò ṣe ìwé ìhágún bá sì kú, ìdí-igi ni wọ́n máa ń fi pín ogún, ẹ̀ka ìyá kọ̀ọ̀kan yóò mú tirẹ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tí ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì (Privy Council) parí ní London ní 1962 fìdí èyí múlẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ ni kò sí nínú ìpín. Àṣà wa kò fi ogún ọkọ fún ìyàwó tí wọ́n sanwó orí rẹ̀ pàápàá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹni tí wọn kò san án fún. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé jogún òun, àfi kó kọ ìwé ìhágún nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ìmọ̀ta. Mo mú wọn lọ bá agbẹjọ́rò kan náà kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Ó ní kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí rìsíìtì, lórí ìwé sọ̀fé, lórí gbogbo ìwé tó bá tẹ̀lé e. Ó tún bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ní in láìpín, tí ẹni tó bá kú yóò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnìkejì, tàbí wọ́n fẹ́ kí ìpín kálukú dá dúró, kó lọ sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀. Wọ́n mú èkejì. Wọ́n kọ iye tí kálukú mú wá, wọ́n kọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ láǹfààní láti ra ìpín ẹnìkejì bí wọ́n bá pínyà, wọ́n sì kọ pé ẹni tó bá ra ohun ìkọ́lé, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí rìsíìtì rẹ̀.

Bàbá ọmọbìnrin náà gbọ́, wọ́n pè mí, ohùn wọn le. "Ìyá Dámi, ṣé ẹ ń gbàdúrà kí wọ́n tú ká ni?" Mo kúnlẹ̀ kí wọn lórí fóònù, mo ní, "Rárá o, bàbá. Ẹ bá wọn wá ọjọ́ ìdána, mo máa rán aṣọ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìdána kò ní kọ orúkọ ọmọ yín sórí ilẹ̀ o." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní kí n fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sáwọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì padà lọ bá agbẹjọ́rò pé ìyá òun ní Ìjẹ̀bú ló fún òun ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba nínú owó ilẹ̀ náà, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Agbẹjọ́rò bi í bóyá ẹ̀bùn ni tàbí ìpín. Ó ní òun yóò lọ bi ìyá òun. Ìyá ní ìpín ni, wọ́n sì kọ orúkọ tiwọn náà sí i.